Wọ́n Pè É Ní Dókítà Kí Ó Tó Dé Ibẹ̀

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Túndùn nígbà tí ìjọ Áńgílíkà tí àwọn òbí rẹ̀ ń lọ ní Forestville, ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di Dókítà. Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ yàrá ẹ̀kọ́ kankan ní yunifásítì nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé Fíkà, àlùfáà ìjọ náà, kà á nínú ìkéde ọjọ́ Ìsinmi pé ọmọbìnrin Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Olúrótìmí ti rí ààyè wọ yunifásítì ìpínlẹ̀, àti pé iṣẹ́ ìṣègùn ni ó ní lọ́kàn láti ṣe. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Kí wọ́n tó túká, Ìyá Ìjọ ti dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì ti ká aṣọ sókè dé orúnkún.

"Dókítà wa, wá bá mi wo orúnkún yìí. Bí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn, á máa ró kàkàkà bí ilẹ̀kùn àtijọ́."

"Mà, mi ò tíì kọ́ nǹkan kan."

"Ta ló bi ọ́ ní ohun tí o ti kọ́? Mo ní kí o wò ó."

Túndùn tẹ̀ ba, ó wo orúnkún náà, ó sì mi orí bí ó ti rí i tí àwọn dókítà ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Ìjọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí ó tún pè é ní Túndùn nínú ìjọ náà mọ́. Oyè ti wà nílẹ̀. Ó ku kí olóyè wá a rí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdún mẹ́rin ìmúrasílẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní pre-med, jẹ́ eré. Bí ẹgbẹ̀ta ọmọ ni ó wọ kíláàsì kẹ́místìrì àkọ́kọ́ pẹ̀lú Túndùn. Nígbà tí wọn yóò fi dé ti ọdún kejì, ìdajì wọn ti yà sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń pín máàkì níbẹ̀ ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò gba A, bí ó ti wù kí gbogbo kíláàsì mọ̀wé tó. Nítorí náà, bí aládùúgbò rẹ bá mọ̀ ọ́n, ìwọ ni ó ń jìyà rẹ̀. Túndùn fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ tí ó ya ojú ewé kúrò nínú ìwé ilé-ìkàwé kí ẹlòmíràn má baà rí i kà.

Èyí kò ya Felicia, ìyá rẹ̀, lẹ́nu. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ó sì ní òfin kan ṣoṣo tí ó fi ń ṣàkóso ilé rẹ̀ ní Kettering: ìròyìn ayọ̀ nìkan ni ó gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọ̀nà tí a gbà dé ibi ayọ̀ náà, àti ibi tí a ti fẹsẹ̀ kọ, inú ilé ni yóò kú sí.

"Ìwé rẹ, máàkì rẹ, ètò rẹ," ni ó máa ń wí, "ìwọ àti Ọlọ́run nìkan. Má fi han ẹnikẹ́ni."

Túndùn sì gbọ́. Ó di ẹni tí ó ń fi apá yí ìwé rẹ̀ ká bí ẹni tí ń ṣọ́ àgbàdo lọ́wọ́ adìyẹ. Òun nìkan ni ó ń kàwé, òun nìkan ni ó ń jẹun nídìí ìwé, bí ó bá sì gba máàkì rere, orí fóònù ni ó ti ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọ̀nà náà ṣiṣẹ́ fún un. Ọgbọ́n tí ó bá sì ti gbè wá lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ṣòro fún wa láti fi í sílẹ̀. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn mẹ́rìnlá tí ó kọ̀wé sí, méjì gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n wọ aṣọ funfun akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fún un, odindi ìlà méjì àwọn àgbà ìjọ ni ó jókòó nínú gbọ̀ngàn náà, Ìyá Ìjọ sì gun gbogbo àtẹ̀gùn ibẹ̀ láìka orúnkún sí.

Àṣé òkè kan ni ó gùn tán, òmíràn ni ó wà níwájú.

Ní yunifásítì, wọ́n ń fi odindi oṣù mẹ́rin kọ́ ẹ̀kọ́ kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ohun tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin kọ́ ọ nígbà kan, wọ́n á parí rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n á sì ṣí orí mìíràn. Kì í ṣe pé ó ṣòroó yé. Túndùn lè jókòó ti ojú ewé kan, kí ó sì mọ̀ ọ́n kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi máa gbójú sókè, ọgọ́rin ojú ewé mìíràn ti dé. Apá nìkan, láti èjìká dé ọmọ ìka, ní egungun ọgbọ̀n ó lé méjì, olúkúlùkù sì ní orúkọ, iṣan tí ó dì í mú, àti ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ kejì tún wà, òun gan-an ni Túndùn kò rí. Kò sí ìdíje mọ́. Ẹni tí ó bá ti gba àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti yege, bí gbogbo kíláàsì tilẹ̀ gbà á. Àwọn tí ó ti ń fi ìwé pamọ́ fún ara wọn lọ́dún tí ó kọjá ti ń ya àwòrán iṣan fún ara wọn lórí pátákó. Jeremiah, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun ní Camp Springs kí ó tó padà sílé ìwé, ni ó kó wọn jọ. Kamilah, ọmọbìnrin tí kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wà níbẹ̀, àti àwọn méjì mìíràn. Lọ́jọ́ kan, Jeremiah bá Túndùn ní ilé-ìkàwé, ó sì rí i tí ó ki apá bo ìwé rẹ̀.

"Àná náà lo ṣe bẹ́ẹ̀," ni ó wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ni ò ń sá fún? Wọ́n ti gbà wá wọlé, arábìnrin. Wá bá wa jókòó láago mẹ́rin."

"Mo máa ń kàwé dáadáa bí mo bá dá wà."

"Mo ti rí ọkùnrin tí ó fẹ́ dá gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì," ni Jeremiah fèsì. "Ẹ̀yìn tirẹ̀ ni a padà wá tọ́jú."

Túndùn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kó ìwé rẹ̀ lọ sí àjà kejì.

Nígbà tí èsì ìdánwò ẹ̀yà ara, èyí tí wọ́n ń pè ní anatomy, jáde ní oṣù kẹwàá, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ó gbà. Ó wo nọ́ńbà náà, ó pa fóònù, ó tún un tàn, bóyá yóò yí padà. Kò yí padà. Ìwé tí ó tẹ̀ lé e kò gùn: yóò tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí kò bá yege, yóò tún gbogbo ọdún náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò fìdí rẹmi rí láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, kò sì mọ bí a ṣe ń sunkún nítorí máàkì.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wakọ̀ lọ sílé. Felicia wà nínú ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ ńlá, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ìgbàkigbà lọ.

"Dókítà mi! Ọjọ́ Ìkórè ni wọ́n fi sí o. Fíkà ní kí o bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá dáhùn. Mo ti yan aṣọ."

"Mọ́mì, mo fail anatomy."

Ọwọ́ Felicia dúró nínú omi. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Kò ní kí ó tún un sọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ ti fèrèsé, bí ẹni pé koríko ìta ní etí. Ìbéèrè kan ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló tún gbọ́?"

"Mọ́mì!"

"Mo ní ta ló tún gbọ́?"

"Kò sí ẹnìkan. Bí mo ti máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó gbọ́ nígbà tí nǹkan kò yé mi, kò sí ẹni tí mo bi léèrè, òun náà ló jẹ́ kí n fail." Ohùn rẹ̀ ti ń ga, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ń lé ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n jọ ń kàwé ni. Mo ń sá fún wọn, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Èmi ni mo kọ́ ọ kí o fìdí rẹmi?"

"Ẹ kọ́ mi kí n máa fara pamọ́."

Felicia ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí.

Ní ọdún kejì tí ó dé Amẹ́ríkà, òun tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà ní Ìbàdàn, ó ṣe ìdánwò tí yóò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, ó sì kùnà. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí ó wà nígbà náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é síwájú.

"Wọ́n fi mí ṣe kókó àdúrà, Túndùn. Wọ́n dárúkọ mi, wọ́n dárúkọ ìdánwò náà, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn na ọwọ́ sí mi. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹ̀mí àìní-láárí ni. Èmi tí mo ti gba ẹ̀bí àádọ́ta ọmọ nínú oṣù kan! Mo pa ojú mi dé, mo sì búra pé ilé mi kò ní di ibi ìwòran mọ́. Nígbà tí mo yege, kò sí ẹni tó pè mí síwájú."

Túndùn wo ìyá rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Àwọn tí ẹ jọ fẹ́ kàwé yẹn, mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́rin."

"Pè wọ́n wá síbí lọ́la, lẹ́yìn ìsìn. Mo fẹ́ rí ojú wọn kí n tó gbà."

Bí àwọn ọ̀rẹ́ ìwé Túndùn ṣe dé Kettering nìyẹn. Felicia fi ojú wọ̀n wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́bodè. Jeremiah na ọwọ́, ó sì tẹ orí ba díẹ̀, ẹnì kan ti kọ́ ọ.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ?" ni Felicia bi í.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mà."

"O ṣì ń kàwé?"

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ kò kàwé mọ́, mà?"

Ọkọ Felicia rẹ́rìn-ín láti inú pálọ̀. "Felicia, ó ti dá ọ lóhùn. Fún un ní mọ́ínmọ́ín."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jókòó yí tábìlì ìjẹun náà ká, ní gbogbo Sátidé àti gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí Túndùn fi ọjọ́ mẹ́ta dá bá jìjàkadì, Kamilah á fi orin aláriwo kan tí ó gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí kò yé Kamilah, Túndùn á yà á sórí ìwé títí yóò fi yé e. Ó wá yé e pé bí ènìyàn bá ti kọ́ ẹlòmíràn ní nǹkan kan, kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Apá tí ó ti fi ń bo ìwé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìwé síwájú.

Felicia á máa rìn kọjá, bí ẹni tí kò bìkítà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan, ó gbọ́ tí Kamilah ń ka àwọn iṣan ìdí, kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí. Bí mo bá fún ọ ní abẹ́rẹ́, níbo nínú ìdí lo máa gún?"

Kamilah dìde, ó sì fi ìka sí àárín ìdí ara rẹ̀.

"O ti sọ aláìsàn di arọ," ni Felicia wí. Ó ju aṣọ ìnuwọ́ sí èjìká, ó sì wá sídìí tábìlì. "Ẹ pín in sí mẹ́rin. Ibi kan ṣoṣo ló wà fún yín: òkè, lápá ìta. Ìsàlẹ̀ yẹn, iṣan kan tí ń darí ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ó nípọn bí àtàǹpàkò. Bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Mi ò ní gbàgbé ìrìn rẹ̀ láéláé."

Kamilah padà jókòó. Jeremiah fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, mà." Felicia sì jókòó. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn mẹ́fà ni ó ń yí tábìlì náà ká.

Ọjọ́bọ̀ ni Túndùn tún ìdánwò náà ṣe. Nínú ìbéèrè kejìlélógún, ọkùnrin kan gba abẹ́rẹ́ ní ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè ni èsì yóò jáde. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó wà láàárín wọn ni Ìkórè.

"Má sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí nínú ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Kì í ṣe pé mo ní kí o purọ́. Dúró kí èsì jáde, ká lè mọ èwo la ó sọ."

"Bí mo bá dúró, Mọ́mì, a jẹ́ pé máàkì ló ń gbẹnu mi sọ̀rọ̀."

Felicia wo dígí ọkọ̀. Ó tún ìdè gèlè rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn ìwàásù, Túndùn dúró níwájú ìjọ, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìkórè lẹ́yìn rẹ̀, ogún ọ̀dọ́ ní ìlà iwájú. Zoe, ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì tí òun náà fẹ́ ṣe ìṣègùn, ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́. Awọ ojú rẹ̀ ti dúdú fún àìsùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló le jù? Pre-med ni, àbí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn? Nítorí bí èyí tí mo wà yìí bá ni èyí tó rọrùn, kí n tètè mọ̀."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Túndùn kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ojú yẹn. Ojú tirẹ̀ ni.

"Ẹ ti wọ òpópónà Beltway láti Forestville níbí láago mẹ́jọ àárọ̀ rí?" ni ó bèèrè. "Pre-med nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ń lọ, kò sí ẹni tó fẹ́ fún ọ láyè, o sì rò pé bí o bá ti lè wọlé, ó parí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ìgbà tí o ti wọlé. Kò sí ẹni tó ń dí ọ lọ́nà mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń sáré, o kò sì gbọdọ̀ dúró. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ju ti pre-med lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n pre-med ni mo ti dá wà jù. Ohun tó sì ṣe mí ní jàǹbá ni pé mo gbé ìdáwà yẹn wọ ibi tí kò ti wúlò." Ó mí kanlẹ̀. "Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀yà ara. Mo tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò tíì mọ èsì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pè mí ní Dókítà. Túndùn ni mò ń jẹ́."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ìjọ dìde pẹ̀lú àánú ní ojú rẹ̀. Obìnrin rere ni, kò ní ibi nínú.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká na ọwọ́ sí ọmọ wa yìí..."

"Rárá, Ìyá Ìjọ."

Felicia ni. Ó ti dìde láti àárín ìjọ, ó sì ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú ìgbésẹ̀ obìnrin tí ó ti fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún rìn ní wọ́ọ̀dù. Ó dúró ti ọmọ rẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, mà. Ọmọ yìí kì í ṣe kókó àdúrà. Ó ṣubú, ó dìde, ó sì dúró síwájú yín sọ ọ́ kí ọmọ ẹlòmíràn má baà ṣubú síbẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ náà kùnà ìdánwò nígbà kan, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé e pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ na ọwọ́, ẹ nà án sókè kí ẹ fi dúpẹ́."

 Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Zoe kọ́kọ́ gòkè, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Fíkà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti gbogbo ìjọ. Ìyá Ìjọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gbé tirẹ̀ náà sókè.

"Túndùn," ni ó wí nígbà tí wọ́n túká, "tí mi ò bá gbọdọ̀ pè ọ́ ní Dókítà, ta ló máa wo orúnkún mi?"

"Èmi náà ni, mà. Apá ti ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ jù báyìí."

Ní ọjọ́ Túsìdeè, láago méjì ọ̀sán, èsì dé nígbà tí àwọn márààrún jókòó ní ilé-ìkàwé. Túndùn gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sí àárín tábìlì kí ó tó ṣí i. Kò fi ọwọ́ bò ó. Jeremiah ni ó kọ́kọ́ ka nọ́ńbà náà: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kamilah ké débi pé olùtọ́jú ilé-ìkàwé wá lé wọn jáde, ìta ni Túndùn sì ti pe ìyá rẹ̀.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Mọ́mì."

Felicia wà lẹ́nu iṣẹ́. Túndùn gbọ́ tí ó ń mí, ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló tún gbọ́?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè níkẹyìn.

"Gbogbo wa la jọ ṣí i. Kò tíì sí ẹlòmíràn."

"Ó dára. Pe Zoe, kí ọmọ yẹn lè sùn lónìí, kí o sì sọ fún un pé àga kan wà fún un nídìí tábìlì mi ní Sátidé. Èmi fúnra mi ni mo máa pe Ìyá Ìjọ."